Ohun Tó Dára fún Ikọ́ Eily

Láti ìgbà tí Màmá Honan ti papò dà nínú oṣù kọkànlá, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ ní Cloonabrone tó ní ìwòsàn ikọ́ àwúbì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Clare. Ẹni tó ń wo làkúrègbé wà. Ẹni tó ń wo iná jíjó wà, ahọ́n ló fi ń lá a. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lẹ́yìn odò tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ ìkókó lẹ́nu, egbò ẹnu ọmọ náà á jiná. Ṣùgbọ́n ikọ́ àwúbì ní tirẹ̀, ọwọ́ obìnrin tí orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà ló wà, tí àwọn méjèèjì kò sì bára tan. Honan ló bí Màmá Honan, Honan mìíràn ló fẹ́ ẹ. Bí ikọ́ bá ti mú ọmọ, ìyá ọmọ á lọ kan ilẹ̀kùn màmá, màmá á gé búrẹ́dì, á fi bọ́tà sí i, á nà án sí i. Ìyá ọmọ á gbà á, á yí padà láìsọ pé ó ṣeun, torí ẹni tó bá dúpẹ́ ti ba ìwòsàn jẹ́ nìyẹn.

Nínú oṣù kìíní, ikọ́ náà wọ ilé Nuala Hehir, ó sì mú Eily, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kí n tètè fi ọkàn yín balẹ̀: Eily yè é, ó ti di ìyá àgbà lónìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ikú. Ìtàn ọkọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà a ò tíì mọ̀ pé yóò yè. Ikọ́ náà á gbá ọmọ náà mú títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, á bì, á wá fa èémí sókè pẹ̀lú ariwo tó ń lé ajá jáde nílé.

Nuala ṣe gbogbo ohun tí ìyá lè ṣe. Dókítà wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí yàrá gbóná, pé ikọ́ náà á lo àkókò tirẹ̀, ó sì kọ orúkọ omi oògùn kan sórí ìwé. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ikọ́ á lo àkókò tirẹ̀? Nuala se àlùbọ́sà nínú wàrà. Ó fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ ra ọmọ láyà. Wọ́n ní àjẹkù wàrà lẹ́nu ẹranko kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi ń lé ehoro jáde nínú ihò dára fún un. Ẹranko náà lá wàrà náà tán, ó lá abọ́, ó sì wo Nuala bíi pé kó tún bù sí i.

Ó wá ku ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni méjì á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ìkejì, wọn á gbé ọmọ náà kọjá lábẹ́ ikùn ẹranko náà, wọn á gbé e padà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta géérégé. Nuala dúró lápá kan. Delia Talty, aránṣọ tó ń gbé ní ilé kejì, dúró lápá kejì, torí Eily fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ tirẹ̀ náà. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ọmọ náà ti máa ń ṣa bọ́tìnnì láti ìgbà tó ti ń rákò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbé e kọjá nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yí orí padà, ó já fìlà òwú Eily gbà, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Eily rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ò sì jámọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Nuala ti wo Delia, tó wò ó, tó tún wò ó.

"Delia, Talty ni ẹ́."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

"Malachy tó wà létíkun náà, Talty ni."

"Ó mà ṣe o," ni Delia wí. "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?"

"Ẹ ò bára tan. Kò sì níyàwó."

Ọjọ́ méjì kò pé tí ọ̀rọ̀ náà fi kárí gbogbo Cloonabrone. Kò sí ibi tí Delia yà sí tí wọn kì í bi í pé ìgbà wo ni. Obìnrin tó wá gba ẹ̀wù tó rán á gba ẹ̀wù náà, á jókòó, á máa sọ bí òrùlé Malachy ṣe dára tó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Delia. Ọdún mẹ́sàn-án léra wọn ni àwọn ọmọdé ti ń fi ẹfun fa ìlà sí i lẹ́yìn ẹ̀wù ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tí a kì í gbéyàwó nínú rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó yẹ kó ti ṣègbéyàwó tí kò ṣe é. Ó ti mọ́ ọn lára. Á kàn gbọn ẹ̀wù náà ni, á gbé e kọ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, torí kò sí ẹni tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ojú ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń wò ó.

Malachy Talty kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní màlúù mọ́kànlá, kò mutí, kò sì jà rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwòsàn tó gbọ́ rí tí kò gbà gbọ́, kò sì sí èyí tó gbà gbọ́ tí kò gbé sára. Pòtétò tútù wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì nítorí làkúrègbé. Aáyù wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀finkìn. Aṣọ pupa ló fi ń di ọ̀fun, pépà tí wọ́n fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ pa sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn láyà láti oṣù kẹwàá títí di Àjíǹde. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti etíkun, wàá ti mọ̀ pé Malachy ń bọ̀ kó o tó gbúròó bàtà rẹ̀.

Ó wá sílé Delia àti ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá Delia fa àga sún mọ́ iná fún un.

"Wá jókòó níbí, Malachy."

"Rárá, Màámi, ẹ jẹ́ n jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Bí mo bá sún mọ́ iná jù, àyà mi á yọ́." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, pòtétò méjèèjì sì yọ gọngọ nínú àpò rẹ̀. "Delia, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ẹ̀dọ̀ mi dára. Ọkàn mi dára. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Bá a bá ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí Lẹ́ńtì tó wọlé, tó bá di Ọjọ́rú, o ti lè máa gé búrẹ́dì fún wọn. Rò ó wò ná! Ìwòsàn nínú ilé tèmi, èmi tí mo ti ń wá a kiri láti kékeré!"

"Malachy, ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí búrẹ́dì?"

Ọkùnrin náà ronú sí i tọkàntọkàn, torí kì í purọ́.

"Ṣé wọ́n ṣe é yà sọ́tọ̀ ni?"

Delia ní òun á fún un lésì ní Sátidé, lẹ́nu ọ̀nà ilé-wàrà, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bá ti gbé wàrà wọn wọlé. Kò lè sọ pé rárá. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó sì gbọ́ ikọ́ Eily láti ilé kejì, ó bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kí lo rí sí i?" ni ìyá rẹ̀ bi í nígbà tí Malachy lọ tán, tí wọ́n ti ṣí fèrèsé.

"Màámi, ó ń rùn."

"Ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ ni. Ìyẹn ò pààyàn."

"Mi ò fẹ́ ẹ."

"Mo mọ ẹni tó o fẹ́. Ọdún méje ló ti ń sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀. Òjò náà ti rọ̀, ó ti dá, ó tún ti rọ̀, Senan ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kejì!"

Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Senan Marrinan ló ń kó amọ̀ dúdú tí à ń gé lábàtà fún ìdáná kiri ilé wa. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, ó ga, ojú sì máa ń tì í débi pé Fadá fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó bá wá jẹ́wọ́. Amọ̀ tó gbẹ jù lọ nínú ẹrù ni ti Delia máa ń jẹ́. Á tò ó sábẹ́ fèrèsé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á tò ó dọ́gba bí ẹni tó ń mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, á wo ojú ọ̀run, á ní òjò ń bọ̀, á sì máa lọ. Delia fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ní ìgbéraga tirẹ̀, kò lè jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ikọ́ Eily le ju ti ìgbàkígbà lọ. Nuala wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Delia lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Kò bẹ Delia, kò dárúkọ Malachy, ó kàn ní òun fẹ́ yá sísọ́ọ̀sì. Ká ní ó bẹ̀ ẹ́, Delia ì bá lè bínú sí i. Ó fún un ní sísọ́ọ̀sì, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́la òde yìí, ẹnu rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀ ni, á sì máa gbóòórùn aáyù títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ibi tó jókòó sí náà ló ti rí Senan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, tí ẹṣin rẹ̀ ń fà á. Ẹṣin náà jẹ́ adíkálà, dúdú àti funfun, ọdún méjì sẹ́yìn ló rà á lọ́wọ́ àwọn alárìnkiri lọ́jà ẹṣin. Delia bá dìde dúró.

Ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un rí. Bí ọkùnrin kan bá ń gun ẹṣin adíkálà kọjá, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n bi í pé kí ló dára fún ikọ́ àwúbì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́, dandan ni kí wọ́n ṣe é. Kò gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹṣin, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹṣin. Láyé ìyá àgbà, ọkùnrin kan dáhùn pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!" Wọ́n fi í sílẹ̀, ọmọ náà sì gbádùn. Kò sí ẹni tó rántí àtibi Senan torí kò gun ẹṣin náà rí. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn, ó ní amọ̀ tó ń fà ti tó o.

Delia sáré gba ìwé dókítà lọ́wọ́ Nuala, ó sáré bá Senan lójú ọ̀nà.

"Senan, ìwé oògùn Eily nìyí, ìlú Kilrush ni wọ́n ti ń ta oògùn náà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù á pẹ́ jù. Ṣé o lè gun ẹṣin lọ láàárọ̀ ọ̀la?"

Senan wo ìwé náà. Ó wo ẹṣin náà bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó wo ojú ọ̀run.

"Òjò ń bọ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá lọ."

Nuala nìkan ni Delia sọ ètò náà fún. Nuala sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nìkan. Ọkọ rẹ̀ náà sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, kẹ̀kẹ́ ẹrù bí ogún ló tò sí oríta ilé-wàrà, agolo wàrà ti ṣófo, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń jẹ koríko ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ń wo ojú ọjọ́.

Malachy, ẹni kan ṣoṣo tí wọn kò sọ fún yàtọ̀ sí Senan, dé pẹ̀lú fìlà tuntun. Fìlà náà dúdú, ó ń dán, Kilrush ló ti rà á ní Ọjọ́bọ̀, ó sì ti sọ fún ẹni tó tà á fún un pé ti ìgbéyàwó ni.

"Delia, Sátidé ti pé o."

"Ṣé o ti gbé wàrà rẹ wọlé?"

"Mo ti gbé e."

"Dúró fún mi díẹ̀ sí i."

Wọ́n gbọ́ ìró pátákò. Senan yọ ní kọ́nà, àpò pòtétò òfìfo ló tẹ́ jókòó lórí ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, ìgò oògùn sì wà nínú kóòtù rẹ̀. Ó rí èrò. Ẹ̀rù bà á, ó fa ìjánu láti yà síbòmíràn, ṣùgbọ́n ilé ni ẹṣin náà ń lọ, kò dá a lóhùn. Delia bọ́ sí àárín ọ̀nà.

"Ìwọ ọkùnrin orí ẹṣin adíkálà," ló wí, "kí ló dára fún ikọ́ àwúbì?"

Senan la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ojú ọ̀run. Ọlọ́run, ni Delia ń gbàdúrà lọ́kàn, jẹ́ kó pe wàrà, jẹ́ kó pe àlùbọ́sà, jẹ́ kó pe ohunkóhun tó bá wù ú, kó má ṣáà sọ̀rọ̀ òjò. Senan sọ ojú kalẹ̀, ojú náà sì bọ́ sórí fìlà tuntun Malachy. Gbogbo Kilrush ló ti bá a sọ̀rọ̀ fìlà yẹn láàárọ̀ náà. Pípọ́n kan gbéra láti ọrùn rẹ̀, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé etí.

"Má fẹ́ Malachy!" ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé ó ba ẹṣin náà lẹ́rù.

Bàbá kan tó ń mu páìpù gbé ọwọ́ sétí. "Kí ló wí?"

"Ó ní kó má fẹ́ Malachy," ni Nuala dá a lóhùn.

"Fún ikọ́?"

"Fún ikọ́, bàbá."

"Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi."

"Ẹ ò gbọ́ ti ẹni tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ni? Ṣe bí wọ́n fi í sílẹ̀, ọmọ sì gbádùn!"

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ìwòsàn ni, àwọn kan ní owú ni. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Malachy, torí ní ti ọ̀rọ̀ ìwòsàn, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó jù ú lọ ní gbogbo Cloonabrone. Malachy ṣí fìlà tuntun náà, ó fi sábẹ́ apá.

"Ṣé orí ẹṣin ló wà nígbà tó sọ ọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ṣé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á bi òun?"

"Kò mọ̀," ni Delia wí.

"Ṣé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni?"

"Òun ni."

Malachy mí kanlẹ̀, pépà àyà rẹ̀ sì dún. "Ó parí nìyẹn. Ìwòsàn pọ́ńbélé ni. Delia, mi ò lè fẹ́ ọ mọ́, kódà bó o bá bẹ̀ mí."

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́, Malachy."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ó dùn ún, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun fúnra òun wà nínú ìwòsàn náà. Láìsí òun tí wọn kò ní fẹ́, ìwòsàn dà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ikọ́ Eily lọ, dókítà ní àkókò rẹ̀ ló pé, Nuala ní omi oògùn Kilrush ni, ṣùgbọ́n Malachy ń sọ ọ́ kiri títí ó fi darúgbó pé ara òun ni wọ́n fi wo ọmọ náà. A kì í jà á níyàn. Ó sáà ti yááfì ìyàwó.

Nuala gba ìgò náà lọ́wọ́ Senan, ó fẹ́ sọ pé ó ṣeun, ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré gba ilé lọ. Delia ṣì dúró ní àárín ọ̀nà. Gbogbo ara rẹ̀ fúyẹ́. Senan ń wò ó láti orí ẹṣin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Delia," ló wí, "èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

"Dákẹ́!" Delia na ọwọ́ sí i. "Sọ̀kalẹ̀ ná."

"Kí ló dé?"

"Gbogbo ohun tó o bá sọ lórí ẹṣin yẹn, dandan ni àwọn èèyàn wọ̀nyí á sọ ọ́ dà. Èyí tó o fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tí mo lè kọ̀."

Senan sọ̀kalẹ̀. Inú omi ẹrẹ̀ ló bọ́ sí, ó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Bàbá onípáìpù yọ páìpù lẹ́nu kó lè gbọ́ dáadáa, Malachy sì ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́.

"Ọdún méje ni mo ti fẹ́ sọ ọ́," ni Senan wí. "Mo bá ẹṣin sọ ọ́ títí ó fi sú u. Delia, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Delia wo gbogbo èrò náà yíká. Láti bí oṣù kan, gbogbo Cloonabrone ló ti mọ ohun tó yẹ kó sọ, àfi òun. Ní báyìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn na ọrùn sí i, ìdáhùn náà sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sọ ọ́ kíkan kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.